Àwòrán inú ara nínú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀: ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa ń bi mí, láti Kétu dé Àjàṣẹ́

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin, ọmọ Kétu sì ni mí. Àwọn ará ilé tó ń bọ̀ láti Kétu, láti Pobẹ̀, àti láti Ṣábẹ lókè lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ́kọ́ yà sí kí wọ́n tó forí lé Kùtọnu, ìwé dókítà ní ọwọ́ kan, owó sẹ́fà tí ẹbí dá jọ ní ọwọ́ kejì. Ìbéèrè wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Mo kó wọn jọ síbí kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa bi dókítà yín nígbà tí ẹ bá jókòó níwájú rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ní ó ń ṣe é. Kí wá ni wọ́n ń wá nínú fọ́tò?

Ẹ̀jẹ̀ ní ilé tó ń gbé. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe é. Ọlọ inú ń sẹ́ ẹ, ó sì ń tọ́jú díẹ̀ nínú rẹ̀ pamọ́. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà ń gbé inú àwọn kókó kéékèèké tó wà ní ọrùn, ní abíyá, ní abẹ́ itan, ní àárín àyà àti nínú ikùn. Bí jẹjẹrẹ bá wọ ẹ̀jẹ̀, àwọn ilé yìí ló máa ń bà jẹ́, ìbàjẹ́ ilé sì ni àwòrán lè rí.

Orúkọ mẹ́ta lẹ máa bá nínú ìwé dókítà, Faransé ni wọ́n sì máa fi kọ ọ́. Leucémie ni lùkímíà, èyí tó ń dàgbà nínú mùdùnmúdùn tó sì ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Lymphome ni límfómà, òun ló ń wú kókó. Myélome ni mayẹlómà, òun ló ń jẹ egungun. Àwòrán wúlò jù lọ fún límfómà, mayẹlómà tẹ̀ lé e, lùkímíà ló kẹ́yìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tí wọ́n sọ fún aládùúgbò yín lè má kan yín rárá.

Rádíò, èkó, sikánà, IRM, PET: ṣé ohun kan náà ni gbogbo wọn?

Rárá o. Rádíò, ìyẹn àwòrán X-ray, ló dàgbà jù nínú wọn, ọdún 1895 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Röntgen ṣàwárí ìtànṣán rẹ̀ ní Jámánì. Egungun àti àyà ló mọ̀ wò dáadáa. Èkó ń fi ohùn tí etí kò lè gbọ́ wo inú, kò ní ìtànṣán, kò sì wọ́n tó sikánà, IRM tàbí PET. Sikánà ń wo ara ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí ẹni rẹ́ iṣu, kí ojú lè rí ohun tó wà láàárín. IRM ń fi irin òòfà ńlá ṣiṣẹ́, òun ló mọ inú mùdùnmúdùn àti ọ̀pá ẹ̀yìn wò jù.

PET, tí ìwé Faransé ń pè ní TEP, yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Àwọn tó kù ń wo bí nǹkan ṣe tóbi tó. PET ń wo bí ó ṣe ń jẹun. Wọ́n á fa irú ṣúgà kan sí aláìsàn lára, FDG lorúkọ rẹ̀, wọ́n ti so ohun kan tó ń tan ìtànṣán mọ́ ọn. Ẹni náà á sinmi bíi wákàtí kan. Ibi tí ebi ti ń pa ara jù, ibẹ̀ ni ṣúgà náà máa kó lọ, jẹjẹrẹ límfómà sì jẹ́ ọ̀jẹun gidi. Nínú àwòrán, ibẹ̀ á dúdú kirikiri. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù bí ẹ bá rí i pé ọpọlọ àti àpòòtọ̀ náà dúdú: ọpọlọ ń jẹ ṣúgà lójoojúmọ́ ayé, àpòòtọ̀ sì ni èyí tó ṣẹ́kù ń gbà jáde. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó bú sẹ́kún lórí ìyẹn ṣáá.

Ohun tó ń tan ìtànṣán nínú FDG kì í pẹ́. Láàárín ìṣẹ́jú 110, ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ. Kò ṣeé rà pamọ́ sínú fìríìjì bí oògùn ibà, ibi tí wọ́n ti ń pò ó kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí ibi tí wọ́n ti ń lò ó. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà fi ṣọ̀wọ́n, tó sì fi wọ́n.

Wọ́n ní àwòrán lè sọ bóyá èèyàn máa yè. Ṣé ó ń difá ni?

Èyí ni ìbéèrè tí wọ́n máa ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí, lẹ́yìn tí àwọn tó kù bá ti jáde.

Ohun mẹ́ta ni dókítà ń wò kó tó lè sọ̀rọ̀ nípa ọ̀la. Àkọ́kọ́ ni bí àìsàn náà ṣe pọ̀ tó lápapọ̀ kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀. Èkejì ni ibi tó dé: ṣé ọrùn nìkan ni, àbí ó ti sọdá sí ìsàlẹ̀ ikùn, àbí ó ti wọ ẹ̀dọ̀ tàbí egungun? Ẹ̀kẹta, tó lágbára jù lójú tèmi, ni bí ó ṣe yára sá tó nígbà tí oògùn dé.

Ẹ jẹ́ kí n fi irú límfómà kan tó ń jẹ́ Hodgkin ṣàlàyé. Ní 2007, àwọn dókítà láti Ítálì àti Denmark gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn 260. Wọ́n ya àwòrán PET fún wọn lẹ́yìn ìpele oògùn méjì péré, ìyẹn bí oṣù méjì, nígbà tí ìtọ́jú ṣì kù rẹpẹtẹ. Láàárín àwọn tí àwòrán wọn ti mọ́, 95 nínú ọgọ́rùn-ún ni àìsàn wọn kò tí ì gbérí padà lẹ́yìn ọdún méjì. Láàárín àwọn tí tiwọn ṣì dúdú, wọn ò pé 13 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹni tó bá gbọ́ ibẹ̀ yẹn tó dìde lọ, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló gbọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ẹni 260 yẹn, oògùn kan náà ni wọ́n ń fún wọn lọ, àwòrán dúdú, àwòrán funfun. Nígbà tí èsì náà jáde ni àwọn dókítà bi ara wọn pé: bí a bá ti mọ̀ lóṣù kejì pé oògùn yìí kò ran ẹni yìí, kí ló dé tí a ò pààrọ̀ rẹ̀? Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní RATHL ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba aláìsàn tó lé ní 1,200, èsì rẹ̀ jáde ní 2016. Àwọn tí àwòrán wọn ṣì dúdú lẹ́yìn ìpele méjì, wọ́n gbé wọn sórí oògùn tó le jù. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 67 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni àìsàn náà kò tẹ̀ síwájú lára wọn. Ìwádìí méjèèjì kò rí bákan náà, a ò lè gbé wọn lé orí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, àmọ́ ẹ wo bí ọ̀nà ṣe jìn láàárín 13 àti 67.

Àwọn tí tiwọn sì ti mọ́ ńkọ́? Wọ́n yọ oògùn kan kúrò fún ìdajì wọn, bleomycin, tó máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 84.4 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n yọ ọ́ fún ni ara wọn ṣì dá. Ti àwọn tó ń gbà á lọ jẹ́ 85.7. Èrè wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí wọ́n yọ ọ́ fún sì sinmi.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwòrán ti dájọ́, ẹ bi í pé: kí lẹ fẹ́ yí padà nínú ìtọ́jú nítorí ohun tí ẹ rí? Àsọtẹ́lẹ̀ àwòrán ń sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá ń bá a lọ báyìí. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú “báyìí” yẹn.

Nínú ìwé èsì, wọ́n kọ “Deauville 4”. Kí ló túmọ̀ sí?

Deauville jẹ́ ìlú etí òkun kan ní àríwá ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti péjọ ní 2009 tí wọ́n fi ẹnu kò lórí bí gbogbo ayé ṣe máa ka àwòrán PET nínú límfómà, kí ohun tí wọ́n pè ní dúdú ní ibì kan má baà di funfun ní ibòmíràn. Inú ara aláìsàn fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti mú ohun tí wọ́n ń fi wé. Nọ́ńbà 1: kókó náà kò mú ṣúgà rárá. 2: ó mú un, àmọ́ kò ju ti ẹ̀jẹ̀ tó wà láàárín àyà lọ. 3: ó ju ti àyà, kò ju ti ẹ̀dọ̀. 4: ó ju ti ẹ̀dọ̀ lọ ní ìwọ̀nba. 5: ó ju ti ẹ̀dọ̀ lọ púpọ̀púpọ̀, tàbí ibi tuntun ti jáde.

1, 2 àti 3 ni a sábà máa ń kà sí ìròyìn ayọ̀. 4 ń sọ pé kí a tún wò ó. Kò túmọ̀ sí ikú, mo bẹ̀ yín. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, máa ń jẹ ṣúgà bíi jẹjẹrẹ. Egbò tó ń jinná náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó gbé aláìsàn sórí oògùn líle, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè gé díẹ̀ lára kókó náà lọ wò lábẹ́ ẹ̀rọ. Nǹkan kan náà ni fún ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn: àwòrán nìkan kò lè sọ pé límfómà ni. Kókó ọrùn tó jẹ́ ti ikọ́ ẹ̀gbẹ àti ti límfómà jọra bí ìbejì nínú sikánà.

Ẹ̀yìn ń dun bàbá mi láti ọdún tó kọjá. Wọ́n ya rádíò, wọ́n ní kò sí nǹkan. Ó ti wá di mayẹlómà. Ṣé wọ́n purọ́ fún wa ni?

Wọn ò purọ́. Rádíò kì í rí ihò inú egungun àyàfi tí nǹkan bí ìdá mẹ́ta egungun náà bá ti lọ, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀. Bí ẹni ń wo ilé tí ikán ń jẹ láti ìta ni: ògiri ṣì dúró. Sikánà gbogbo ara tí ìtànṣán rẹ̀ kéré ń rí i ṣáájú, IRM sì ń rí i nígbà tó ṣì wà nínú mùdùnmúdùn, kí egungun tó lu.

Láti 2014 ni àwọn onímọ̀ mayẹlómà káàkiri àgbáyé ti gbà pé bí IRM bá rí ju ojú kan lọ nínú egungun, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó mìlímítà márùn-ún ó kéré tán, kí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀, kódà bí nǹkan kan kò bá tí ì dun ẹni náà. Wọ́n ti rí i pé ọ̀pọ̀ jù lọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà máa là jáde lára wọn láàárín ọdún méjì. Bàbá àgbẹ̀ tí ẹ̀yìn ń dùn, a máa ń sọ pé ọkọ́ ló fà á. Bí ìrora bá ti lé ní oṣù méjì, tó ń jí i lóru, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tún lọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò fún un.

Lùkímíà ni ti ìyàwó mi. Wọn ò ya fọ́tò kankan, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń gbà ṣáá.

Ọ̀nà tó tọ́ nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀, mùdùnmúdùn àti àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì ló ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀la nínú lùkímíà. Àwòrán ń ṣe ìrànlọ́wọ́ níbi méjì tí mo mọ̀ dáadáa. Nínú irú èyí tó ń rọra rìn, tí wọ́n ń pè ní LMC, bí ọlọ inú ṣe yọ sísàlẹ̀ ìhà tó jẹ́ ara ohun tí wọ́n fi ń ṣírò ewu láti 1984. Ọwọ́ dókítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, èkó lè ṣètìlẹ́yìn. Nínú irú kan tó máa ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́, rádíò àyà lè fi kókó ńlá hàn tó ti fún ọ̀nà èémí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó fún ọmọ ní oògùn oorun.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ mi wú, ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Wọ́n ní ká máa fi ewé sí i.

Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lónìí. Límfómà kan wà tí Denis Burkitt, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, ṣàpèjúwe ní 1958. Ibi tí ibà ẹ̀fọn pọ̀ ló ti wọ́pọ̀ jù, ilẹ̀ wa sì wà lára rẹ̀. Ó máa ń wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ní ikùn, ó sì wà lára jẹjẹrẹ tó ń yára dàgbà jù lọ láyé: láàárín ọjọ́ kan sí méjì, ó lè di ìlọ́po méjì. Bí ó ṣe ń yára dàgbà náà ni ṣímíò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, ṣe ń yára mú un. Èkó ikùn àti rádíò àyà ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibi tó dé. Ẹ má ṣe dúró de sikánà ńlá kí ẹ tó gbé ọmọ.

PET jìnnà, owó rẹ̀ kò sí. Ṣé ìrètí ti pin?

Kò pin. Kí PET tó dé, àwọn dókítà ti ń sọ̀rọ̀ nípa ọ̀la fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú rádíò àyà lásán, bí kókó inú àyà bá fẹ̀ ju ìdá mẹ́ta àyà lọ, ó ti sọ nǹkan pàtàkì nípa Hodgkin. Láti 1993 ni wọ́n ti ń lo ìṣírò kan tó ń jẹ́ IPI fún àwọn límfómà tó ń yára: ọjọ́ orí tó lé ní 60, ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ LDH, bí àìsàn ṣe tàn tó, iye ibi tó dé yàtọ̀ sí kókó, àti bóyá aláìsàn ṣì lè dá ara rẹ̀ tọ́jú. Nínú márùn-ún yìí, ẹ̀jẹ̀, sikánà àti ojú dókítà ti tó.

Bí owó bá máa ná, tí kò sì tó gbogbo nǹkan, lójú tèmi, ẹ kọ́kọ́ ná an sórí gígé kókó wò dáadáa àti sórí oògùn tí kò ní já láàárín. Mo ti rí ẹbí tó ta ilẹ̀ lọ ya àwòrán lókè òkun, tí wọn ò wá rí owó ìpele oògùn kẹta san. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Kí la máa ṣe sí àwọn fọ́tò tí wọ́n bá kó fún wa?

Ẹ tọ́jú èyí àkọ́kọ́ ju gbogbo wọn lọ. Èyí tí wọ́n yà kí ìkán oògùn kankan tó wọ ara, òun ni gbogbo èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn á máa bá sọ̀rọ̀.

Àbúrò bàbá mi ní Ṣábẹ ní límfómà. Sikánà rẹ̀ àkọ́kọ́, ápóòpù ńlá aláwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n kó o sí, wọ́n sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Nígbà tí òjò fi máa dá, fọ́tò ti lẹ̀ mọ́ra. Mo gbìyànjú láti ya wọ́n sọ́tọ̀ lórí tábìlì, àwòrán náà ń bó kúrò mọ́ mi lọ́wọ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Nígbà tí wọ́n ya èkejì, kókó kan tó tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta wà nínú ikùn rẹ̀. Dókítà bi wá pé: ṣé mẹ́jọ ni tẹ́lẹ̀, tó ti rọ̀ dé mẹ́ta, àbí ẹyọ kan ni, tó ti wú dé mẹ́ta? Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Oṣù kan ààbọ̀ la fi dúró kí wọ́n tó tún ya òmíràn.

Ẹ fi ápóòpù sínú ọ̀rá, ẹ gbé e sókè ibi tí oòrùn kò pa á. Ẹ bèèrè sídíì, ẹ ní kí ọmọ kan dà á sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi fóònù ya ìwé èsì gbogbo, kí orúkọ àti ọjọ́ hàn. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń lọ, ẹ kó ti àtijọ́ dání, kódà bí wọn ò bèèrè.

Báwo la ṣe ń múra?

Fún PET, ẹ má jẹun fún wákàtí mẹ́fà ó kéré tán, omi lásán nìkan ni. Ẹ má ṣe gun kẹ̀kẹ́ tàbí gún iyán lọ́jọ́ tó ṣáájú, torí iṣan tó ṣiṣẹ́ á jẹ ṣúgà. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ sọ nígbà tó bá ń gba ọjọ́. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá kọjá gíráàmù 2 nínú lítà, wọ́n lè dá a padà. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ìyá má gbé ọmọ ọwọ́ mọ́ra fún wákàtí díẹ̀.

Fún sikánà tí wọ́n máa fa oògùn aláwọ̀ sí, wọ́n á yẹ kíndìnrín wò ṣáájú. Ẹ rí i dájú pé wọ́n ṣe é, pàápàá fún ẹni tó ní mayẹlómà, nítorí àìsàn náà fúnra rẹ̀ ń ba kíndìnrín jẹ́.

Fún IRM, gbogbo irin gbọ́dọ̀ kúrò: yẹtí, irun àtọwọ́dá tó ní pín-ìn-nì, ìlẹ̀kẹ̀ ìdí tó ní irin, oǹdè. Àwọn ìyá àgbà kì í fẹ́ tú ìlẹ̀kẹ̀ níwájú ọmọdékùnrin. Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin kan bá wọn wọlé kí wọ́n tó pè wọ́n.

Ìgbà wo ni wọ́n máa tún un yà?

Lẹ́yìn ṣímíò tó kẹ́yìn, PET gbọ́dọ̀ dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, mẹ́fà sí mẹ́jọ ló dára jù. Lẹ́yìn ìtọ́jú ìtànṣán, oṣù mẹ́ta. Bí wọ́n bá kánjú, ara tó ń wo ara rẹ̀ sàn ni wọ́n máa rí, wọ́n á pè é ní àìsàn. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì ti mọ́, tí ara le, àwòrán lóṣooṣù kò pọn dandan. Ọwọ́ dókítà lórí ọrùn àti ikùn, pẹ̀lú ohun tí aláìsàn fúnra rẹ̀ ń sọ, ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí i bí nǹkan bá ń padà bọ̀.

Ṣé ó yẹ ká sọ fún màmá ohun tí àwòrán fi hàn?

Ìyá kan wá láti Kétu, ó lé ní 70 ọdún. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀ mí lẹ́nu ọ̀nà pé kí n má sọ. Mo ń wo fọ́tò náà lójú fèrèsé, ìyá ní kí n gbé e wá. Ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ́ ibi tó pọ̀ nínú ikùn, ó ní, “Èyí ni kò jẹ́ kí n lè dè ìró mi láti ọdún tó kọjá.” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Ó ní ṣé oògùn wà fún un. Mo ní ó wà, a ó sì tún ya òmíràn láti mọ̀ bóyá ó ń gbọ́ oògùn. Ó dá fọ́tò padà sínú ápóòpù fúnra rẹ̀, ó sọ ọ́ sábẹ́ abíyá, ó yíjú sí àkọ́bí rẹ̀ tó ti ń nu ojú, ó ní kó lọ bi wọ́n ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀.